Ẹsẹ Kejì: Bí Orin Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Padà Sọ́wọ́ Wọn

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹfà ọdún 2023, Ẹ̀gbọ́n na fóònù wọn sí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Ìjẹmọ̀, ní Abẹ́òkúta, wọ́n ní, "Bá mi ka nǹkan yìí, ojú mi ò gbé e dáadáa." Ojú wọn gbé e. Ohun tí wọ́n kà ni wọn ò fẹ́ gbà gbọ́. YouTube ló kọ ìwé sí wọn pé orin tó wà nínú fídíò tí a gbé síbẹ̀ ní alẹ́ Sátidé kì í ṣe tiwa, pé ó ní ẹni tó ni ín, ẹni náà ni yóò sì máa gba owó tó bá tibẹ̀ wọlé. Mo kà á fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀ wọ́n ní, "Orin tí mo ki ìyá mi nínú ẹ̀, ta ló tún ni ín?"

Mo ń kọ gbogbo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ sílẹ̀ sójú kan, nítorí láti ìgbà tí a ti yanjú rẹ̀ ni àwọn òṣèré àti olórin ti ń pè mí pé kí n sọ ohun tí a ṣe fún àwọn. Mi ò ní dárúkọ Ọ̀gá tó ni eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń fi orin náà bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó bá wọn gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò sì ní kọ orúkọ tí Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ nínú eré náà síbí. Gbogbo wa ti fọwọ́ sí ìwé, ọ̀wọ̀ ìwé náà sì wà lọ́rùn mi.

Olórin ni Ẹ̀gbọ́n kí wọ́n tó di òṣèré, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ ojú wọn kò mọ̀. Aláró ni ìyá wọn ní Ìtòkú. Láti kékeré ni wọ́n ti ń jókòó ti ìkòkò aró, tí wọ́n ń gbọ́ orin àwọn ìyá yẹn bí wọ́n bá ń rẹ aṣọ, tí wọ́n ń yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, tí wọ́n tún ń rì í padà títí èlú á fi mu ún dáadáa. Ẹni tó bá ti wo ọwọ́ aláró rí á mọ̀ pé dúdú inú èékánná yẹn kì í lọ, kò sí ọṣẹ tó ń bó o. Ẹ̀gbọ́n ní ọwọ́ yẹn ni nǹkan àkọ́kọ́ tí àwọn rántí nípa ìyá àwọn, ohùn ló tẹ̀ lé e.

Kí wọ́n tó pé ogún ọdún, wọ́n ti ń lu gángan tẹ̀lé olórin jùjú kan káàkiri Láfẹ́nwá, Ìjàyè àti Àdátán. Ní 1991 wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ pẹ̀lú bọ́ìsì méje. Jùjú ni, ṣùgbọ́n ohùn àpàlà ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ta ni ìbá dàgbà ní Abẹ́òkúta láyé ìgbà yẹn tí ohùn Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkó, kò ní wọ̀ lára? Ọdún 1980 ni wọ́n pa Àyìnlá, àwo rẹ̀ kò sì tíì dákẹ́ nílùú wa títí di òní.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìbarà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2004, onígìtá Ẹ̀gbọ́n pẹ́ dé. Nígbà tó yọ, Ẹ̀gbọ́n dá orin dúró, wọ́n kọjú sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń gbàdúrà, ọ̀rọ̀ tó le jù lọ ní ohùn tó rọ̀ jù lọ. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn. Ọ̀gá kan wà lára àwọn àlejò náà. Wọ́n dúró títí eré fi parí, wọ́n wá bá Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àwọn ń kọ eré kan fún tẹlifíṣọ̀n, eré agboolé tó kún fún ayálégbé, oṣù mẹ́ta gbáko làwọn sì ti ń wá ẹni tí yóò ṣe bàbá onílé.

Wọ́n bẹ Ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n bá àwọn wá orin tí eré á máa fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ẹ̀gbọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n kó bọ́ìsì lọ sí sítúdíò kékeré kan lápá Pánṣẹ́kẹ́, wọ́n fi owó àpò ara wọn gbà á sílẹ̀. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹsẹ méjì ló ní. Ẹsẹ àkọ́kọ́ ni gbogbo ẹni tó ń wo eré náà mọ̀:

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde,
ìwà lẹ̀ṣọ́ tí kì í ṣá.

Owó ni àkókò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ni wọ́n mú nínú orin yẹn, wọ́n gé ìyókù. Ọ̀gá ní, "Orin yìí dùn, ẹ ṣeun." Kò sí ìwé kankan láàrin wọn. Ẹ̀gbọ́n náà kò béèrè, torí ohun tó wà lọ́kàn wọn nígbà yẹn ni pé ohùn àwọn á máa dún nílé onílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Eré náà bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ó parí ní 2019. Ọdún 15 ni Ẹ̀gbọ́n fi wọ agbádá bàbá onílé kan náà, fìlà kan náà, tí wọ́n ń mú ọ̀pá kan náà dání. Iye tí wọ́n ń san fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ sí lókèṣọ̀n, ibi tí wọ́n ti ń ya eré, kò pọ̀, owó mọ́tò àti ti oúnjẹ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Òde eré ni owó ti ń wá. Láti ìgbà tí eré náà ti gbajúmọ̀, ìnáwó tí wọ́n ń pè wọ́n sí di ìlọ́po mẹ́ta. Èmi ni mo ń kọ ìwé ẹgbẹ́ láti 2009, mo sì mọ̀ pé eré tẹlifíṣọ̀n yẹn ló kọ́ ilé wọn, òun ló rán ìbejì wọn níléèwé. Mi ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ kan. Ìnáwó ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún màmá kan ni, ní gbọ̀ngàn June 12 ní Kútọ̀. A ti múra orin tuntun mẹ́rin sílẹ̀ fún un. Orin kejì la wà tí obìnrin kan fi jó wá síwájú, ó ń ná owó fún Ẹ̀gbọ́n, ó wá kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ lé mi jáde nílé yín!" Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo. Ẹlòmíràn dìde, òun náà fẹ́ kí wọ́n lé òun jáde. Onígìtá wo ojú Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n ní kó dákẹ́. Wọ́n yí ohùn padà, wọ́n di bàbá onílé, wọ́n lé èèyàn tó tó ogún jáde nílé tí kò sí níbẹ̀, owó sì ń rọ̀. A ò padà sí orin yẹn mọ́. Nígbà tí a ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá Sàpọ́n kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ rí i? Wọn ò gbọ́ orin kan tán lónìí." Àpò owó wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Wọn ò tú u.

Mo rántí pé lọ́jọ́ yẹn mo gbìyànjú láti fi ìtàn tù wọ́n nínú. Lọ́dọ̀ wa, orin àti eré kò pínyà rí. Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọ́sà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 1944, orin ló fi ń gbé eré rẹ̀ dìde. Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, olórin ni wọ́n kí wọ́n tó di aláwàdà. Inú ẹgbẹ́ olórin wọn ni King Sunny Adé ti ta gìtá rí kí ó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, kò pẹ́ tí àwọn eléré ìtàgé fi gbé ìlù àti orin wọn wọ inú rẹ̀. Mo tún sọ ti Rick Springfield fún wọn, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà tó ti ń kọrin tipẹ́ kí ó tó dé Amẹ́ríkà. Ní 1981 ó di dókítà nínú eré General Hospital, eré tí wọ́n ti ń ṣe láti 1963. Lọ́dún 1981 yẹn náà ni orin rẹ̀ gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún tó tẹ̀ lé e, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé òṣèré tó ń dán orin wò ni. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tó mú wọn jókòó dáadáa ni ti William Roache ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti wà nínú eré tẹlifíṣọ̀n Coronation Street láti ọjọ́ kìíní rẹ̀, 9 oṣù kejìlá 1960. Wọ́n ní, "Láti ọgọ́ta ọdún, ẹnì kan náà ló ń jẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ṣé òun náà ní orin?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 2023. Ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni Ọ̀gá ti fún ilé iṣẹ́ kan ní Èkó láyè láti kó gbogbo apá eré náà sórí YouTube. Ilé iṣẹ́ náà ní àǹfààní ohun tí wọ́n ń pè ní Content ID. Wọ́n á gbé ohùn àti àwòrán fún ẹ̀rọ pé tiwọn ni, ẹ̀rọ á máa fi í wé ohunkóhun tí ẹlòmíràn bá gbé wá. Wọ́n gbé eré fún ẹ̀rọ, orin Ẹ̀gbọ́n sì wà níwájú eré. Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó kọ orin, ẹni tó kọ́kọ́ mú un wá ló mọ̀. Ọwọ́ mi náà wà níbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Èmi ni mo ṣe fídíò wa. Eré ojúkorojú tí a ṣe ní Obàǹtokò ni, ṣùgbọ́n mo lọ mú ìṣẹ́jú àáyá 40 ti orí tẹlifíṣọ̀n, mo fi síwájú, kí àwọn èèyàn lè dá orin mọ̀ kí bọ́ìsì tó gbà á. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ti mú wa.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n bá rí irú ìwé yìí máa ń rò pé wọ́n fẹ́ ti ojú òpó àwọn pa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó fídíò yẹn ló yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n bá kọ ọ́ sí lè tako ó, bí ó bá sì tako ó láàrin ọjọ́ márùn-ún, wọ́n á dá gbogbo owó náà dúró láti ọjọ́ kìíní títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ẹni tó ní tòun ni ní 30 ọjọ́ láti dáhùn. Nítorí náà ọjọ́ kò ṣeé fi ṣeré. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ pe Ọ̀gá lójú ẹsẹ̀. Ìyá Ìbejì, ìyàwó wọn, ló gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè é lónìí. Ohun tí wọ́n bá sọ lónìí, a ò ní rí i kó mọ́." Ní ọjọ́rú a fi àtakò wa ránṣẹ́, ní ọjọ́bọ̀ a wà lọ́dọ̀ lọ́yà.

Obìnrin ni lọ́yà náà, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìbarà. Ìbéèrè mẹ́ta ló bi wá. Ta ló kọ orin? Ta ló sanwó sítúdíò? Ìwé wo lẹ fọwọ́ sí? Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé kò sí ìwé, mo tẹrí ba, torí mo rò pé ibẹ̀ la ti máa pàdánù. Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ibi tí ẹ ti ń bẹ̀rù yẹn gan-an ni agbára yín wà."

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí, mo sì ti gbé e yẹ̀ wò lẹ́yìn náà. Ọdún 2004 ni wọ́n kọ orin, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 1988 ló sì ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Òfin yẹn ní bí ẹnì kan bá bẹ ẹlòmíràn níṣẹ́ láti ṣe iṣẹ́ ọnà, tí wọn kò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó bẹ̀ ẹ́ ni yóò ni ín, ọwọ́ ẹni tó ṣe é ni ó wà. Ẹnu lásán kò lè gbé e kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ní ẹni tó ń ṣe fíìmù gbọ́dọ̀ bá gbogbo àwọn tí yóò lo iṣẹ́ wọn kọ ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ojúṣe Ọ̀gá nìyẹn, kì í ṣe ti Ẹ̀gbọ́n. Òfin tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023 kò gba ohun tí Ẹ̀gbọ́n ti ní lọ́wọ́ wọn. Bí Ẹ̀gbọ́n bá ti kọ orin, tiwọn ni ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, yóò sì jẹ́ ti àwọn ọmọ wọn fún 70 ọdún lẹ́yìn wọn. Nígbà tí ó sọ ti àwọn ọmọ yìí, Ẹ̀gbọ́n ní kó tún un sọ.

Ó wá là á fún wa pé nǹkan méjì ni a ń sọ, bí ẹni pé ọ̀kan ni. Orin tí wọ́n kọ jẹ́ ọ̀kan. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò jẹ́ èkejì, ó lè ní olówó tirẹ̀. Bí Ọ̀gá bá lè fi hàn pé àwọn ló ṣètò gbígbà á sílẹ̀ tí wọ́n sì sanwó, ọ̀rọ̀ lè dojú rú. Nítorí náà ẹ lọ wá ẹ̀rí. Ó kìlọ̀ fún wa lórí ohun kẹta, ìyẹn orúkọ bàbá onílé. Ó ní, "Ẹni tó kọ eré ló dá ẹni yẹn sílẹ̀. Ẹ má bá wọn jà lórí ẹ̀. Bí wọ́n bá lọ forúkọ yẹn sílẹ̀ ní Àbújá bí àmì òwò, ọdún 7 ni wọ́n á kọ́kọ́ fún wọn, wọ́n á sì lè máa tún un ṣe ní ọdún 14, 14 lẹ́yìn ìyẹn. Orin yín ni kí ẹ wá." Inú mi kò dùn sí èyí lọ́jọ́ yẹn. Ta ló fi ọdún 15 fún orúkọ náà ní ojú, ohùn àti ìrìn? Ṣùgbọ́n ó tọ̀nà, ohun tí a sì padà fọwọ́ sí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì ló rí ẹ̀rí àkọ́kọ́. Òun ló ń kọ ìwé ẹgbẹ́ kí n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sì í da ìwé nù. Ó tú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú ìwé kan jáde tí èèpo rẹ̀ ti já, ó pè mí, "Ọkọ mi, ẹ wá wo èyí." Báírò pupa ló fi kọ ọ́, nínú oṣù kẹta 2004: sítúdíò, 12,000 náírà, mọ́tò bọ́ìsì, 900, búrẹ́dì àti ẹ̀wà, 650, "orin ti eré." Nísàlẹ̀ ló kọ "owó ilé ni mo yọ" sí. Owó tí ó fẹ́ fi ra aṣọ iléèwé ni.

Ẹni tó gba ohùn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ti fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ tipẹ́, wọ́n ti di àgbàlagbà, apá Mọ́níyà ní Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. A wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ládérìn, èmi àti Ẹ̀gbọ́n. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀dọ́kùnrin kan dá wọn mọ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ ká ya fọ́tò, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lé òun jáde. Wọ́n lé e jáde. Ó padà sí àyè rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Bàbá tó gba ohùn sílẹ̀ náà kó káséẹ̀tì jáde nínú àpótí páànù, ó lé ní ọgọ́rùn-ún, eruku bo gbogbo rẹ̀. Èyí tí a ń wá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Funfun ti hù sára téèpù rẹ̀ bíi ti búrẹ́dì tó pẹ́. Bàbá fi òwú bọ inú sípíríìtì, wọ́n fi báírò yí téèpù náà lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń nu ún, wọ́n ń yí i, bíi wákàtí kan gbáko. Lára bébà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ti kọ orúkọ Ẹ̀gbọ́n, orúkọ àbísọ, àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á, àti "ẹsẹ 2, odindi." Kò sí orúkọ Ọ̀gá níbẹ̀, kò sí orúkọ eré. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ariwo kọ́kọ́ ta, gángan wọlé, lẹ́yìn náà ni ohùn kan tí mi ò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ohùn Ẹ̀gbọ́n ni, ṣùgbọ́n ó tinrin, ó sì mọ́. Ẹsẹ àkọ́kọ́ kọjá. Èyí tí n kò gbọ́ rí ló tẹ̀ lé e:

Ìyá mi aláró Ìtòkú,
ọwọ́ dúdú bí èlú,
ọ̀rọ̀ ẹnu funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú.
Ó rẹ aṣọ fọ́lọ́mọ,
ó fi àkísà bora sùn.

Màmá ti kú láti 2011. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé ẹnu, wọn ò gbé e kúrò títí téèpù fi tán.

Ọ̀gá gbà láti rí wa ní ilé àgbà òṣèré kan ní Ìta Èkó tí àwọn méjèèjì jọ ń bọ̀wọ̀ fún. Láti 2019 ni wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀, torí owó apá tó kẹ́yìn tí kò tíì pé. Ọ̀gá kò bá ìjà wá, ìbànújẹ́ ni wọ́n bá wá. Ó sì yẹ kí n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bó ṣe jẹ́. Wọ́n ní àwọn ló ń ra àkókò lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n, ọ̀sẹ̀ 13, ọ̀sẹ̀ 13, bóyá wọ́n rí ilé iṣẹ́ tó máa polówó síbẹ̀ tàbí wọn ò rí. Ọdún méjì wà tí kò sẹ́ni tó polówó. Wọ́n ta mọ́tò, wọ́n ta ilẹ̀. "Mi ò sọ fún yín, torí ẹ ò ní lè ṣeré bí ẹ bá mọ̀. Owó kékeré tó ń tibi íntánẹ́ẹ̀tì wọlé báyìí ni mo fi ń san gbèsè. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti fi orin mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé sí mi bí ẹni kọ̀wé sí olè. Èmi tí mo sọ yín di ẹni tí ayé mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé, "Lóòótọ́ lẹ sọ mí di ẹni tí ayé mọ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n mọ̀."

Gbogbo wa dákẹ́. Àgbà ní ṣé a mú orin náà wá. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù mi. Nígbà tí ẹsẹ kejì wọlé, Ọ̀gá gbójú sókè, wọ́n ní, "Kí nìyí? Èyí ò sí níbẹ̀." Ẹ̀gbọ́n ní ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá yé mi lọ́jọ́ náà pé ní gbogbo ọdún 15 yẹn, Ọ̀gá kò gbọ́ orin náà tán rí. Ẹlòmíràn ló bá wọn gé e, ìṣẹ́jú àáyá 40 ni wọ́n gbé wá fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n bọ́ fìlà. "Ṣé ìyá yín tó gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wá bá wa ní lókèṣọ̀n lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀? Tí ó ní kí n má jẹ́ kí ebi pa ọmọ òun?" Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ni. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ lọ́yà kò pọ̀ mọ́.

Ohun tí a kọ sínú ìwé nìyí. Orin, ẹsẹ méjèèjì, àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 2004, ti Ẹ̀gbọ́n ni. Ọ̀gá lè lo ìṣẹ́jú àáyá 40 yẹn lórí gbogbo apá eré tí wọ́n ti ṣe, títí ayé, láìsan kọ́bọ̀. Ilé iṣẹ́ Èkó gbọ́dọ̀ yọ orin kúrò nínú ohun tí wọ́n gbé fún ẹ̀rọ. Orúkọ bàbá onílé jẹ́ ti Ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ ẹ níbi ìnáwó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí lára àwo orin tàbí pátákó ìpolówó wọn. Bí eré tuntun bá tún wà, ìwé ni kó ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n ò béèrè owó ọdún 15 tó ti kọjá. Mo sọ fún wọn lẹ́yìn náà pé mo rò pé ó yẹ kí wọ́n béèrè, kódà kó jẹ́ díẹ̀, mo sì tún rò bẹ́ẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí Ọ̀gá ta ilẹ̀ mìíràn.

Ní ọjọ́ 19 sí ìgbà tí a fi àtakò ránṣẹ́, ìwé dé pé wọ́n ti jọ̀wọ́ orin náà. Owó tí wọ́n dá dúró kò tó ra àpò ìrẹsì Ọ̀fàdà kan. Lọ́yà bá wa fi orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ní Nàìjíríà, torí ẹ̀rí ọjọ́ iwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́ ni òfin ti mọ̀ ọ́n sí tiwọn. Ẹ̀gbọ́n fi ìwé yẹn sínú àpótí kan náà tí Ìyá Ìbejì ti mú ìwé ẹgbẹ́ jáde.

Nínú oṣù kejìlá a tún wà ní Kútọ̀, ìnáwó àwọn aláṣọ àdìrẹ. Orin kẹta la wà tí ẹnì kan fi pe orúkọ yẹn láti ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn, wọ́n lé e jáde, gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, orin eré yẹn, ẹsẹ kan wà tí ẹ ò tíì gbọ́." Gángan bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn bá wọn gbe ẹsẹ àkọ́kọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n lórí. Nígbà tí èkejì wọlé, ẹnu wọn dúró, wọ́n ń gbọ́. Ní ìlà kejì, màmá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n tẹ́ àwọn ìka wọn sílẹ̀ kí Ẹ̀gbọ́n lè rí i. Gbogbo èékánná wọn dúdú.